Òṣùwọ̀n Ọkọ̀ Èrò: Ta Ní Ń Ka Àkókò Ẹni Tó Dúró?

Ní ibùdókọ̀ Kétu, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Kútọnu kì í sábà béèrè aago tí ọkọ̀ yóò gbéra. Ohun tí yóò béèrè ni pé: « Ó ku ènìyàn mélòó? » Ìbéèrè kékeré yìí fi òṣùwọ̀n tí a fi ń darí ọkọ̀ èrò lọ́dọ̀ wa hàn: àga tó kún ni. Awakọ̀ ní owó tí yóò san fún ọlọ́kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ní epo tí yóò rà. Nítorí náà, àga ló ń kà, owó ló ń kà. Àkókò obìnrin tó ti gbé agbọ̀n tòmátì rẹ̀ kalẹ̀ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. A kò ní torí èyí pe awakọ̀ ní ènìyàn búburú. Ohun tí a bá ní kí ènìyàn máa kà ni yóò máa tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìlú ńlá tó ní àjọ fún ọkọ̀ èrò pẹ̀lú. Dakar ní CETUD láti ọdún 1997, Èkó ní LAMATA láti ọdún 2002, agbègbè Paris sì ní Île-de-France Mobilités. Olórí iṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ ni láti ṣètò ọ̀nà, láti bá àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ṣe àdéhùn, àti láti wò bóyá wọ́n mú àdéhùn náà ṣẹ. Kò sì sí bí wọn yóò ṣe mọ̀ láìkà. Wọ́n ń ka iye èrò tó wọlé, iye kìlómítà tí ọkọ̀ rìn, iye ìgbà tí ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, iye ìjàǹbá, àti ibi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè gbé ìnáwó dé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: gbogbo wọn ló wúlò. Ṣùgbọ́n bí a bá wò wọ́n dáadáa, ọkọ̀ àti owó ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Ẹni tó dúró sí etí títì kò tíì sí níbẹ̀.

Èdè Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. « Ponctualité » ni kí ọkọ̀ dé ní aago tí a kọ sílẹ̀. « Régularité » ni kí àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì dọ́gba. Èkíní yẹ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èkejì ló kan bọ́ọ̀sì inú ìlú, nítorí pé níbi tí ọkọ̀ bá ti ń kọjá lemọ́lemọ́, kò sẹ́ni tó ń wo ìwé aago. Kálukú kàn ń jáde wá dúró ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀sì 6 ń kọjá ní wákàtí kan. Bí ìṣẹ́jú 10 gééré bá wà láàárín wọn, ẹni tó jáde láìwo agogo yóò dúró fún ìṣẹ́jú 5, bí a bá pín ìdúró gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ní ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì 6 náà ló kọjá, ṣùgbọ́n àlàfo wọn di ìṣẹ́jú 5, 15, 5, 15, 5, 15. Nínú ìṣẹ́jú 60, 45 wà nínú àlàfo gígùn. Nítorí náà, ènìyàn 3 nínú 4 ni yóò bọ́ sínú rẹ̀, tí wọn yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú 7 àbọ̀. Ẹnì kan tó kù yóò dúró fún ìṣẹ́jú 2 àbọ̀. Bí a bá pa á pọ̀ tí a sì pín in, ó di ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ọkọ̀ náà bá wá ń so mọ́ra ní méjì-méjì, ìdúró yóò di ìṣẹ́jú 10, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ìwé iléeṣẹ́ yóò sọ pé ọkọ̀ 6 ni a ṣèlérí, ọkọ̀ 6 ló sì kọjá.

Ìdí tí ọkọ̀ fi ń so mọ́ra kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ díẹ̀ yóò bá èrò púpọ̀ ní ibùdó. Bí wọ́n ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tún pẹ́ sí i. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bá èrò púpọ̀ mọ́. Yóò yára títí yóò fi lé e bá.

Àjọ ọkọ̀ èrò ìlú London, Transport for London, fi ìdúró yìí ṣe òṣùwọ̀n. Lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń kọjá ní wákàtí kan, àjọ náà ń ṣírò ìṣẹ́jú tí èrò dúró ní tòótọ́, ó ń yọ ìṣẹ́jú tí ì bá dúró bí ọkọ̀ bá tẹ̀lé ètò kúrò, èyí tó ṣẹ́kù sì ni àfikún ìdúró. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń wa bọ́ọ̀sì náà. Àfikún yìí wà lára ohun tí a fi ń pinnu bóyá owó iléeṣẹ́ yóò lé sí i tàbí yóò dín kù. Nítorí pé owó wà níbẹ̀, ẹni tó ń darí ọkọ̀ lè sọ fún awakọ̀ tó sún mọ́ ọkọ̀ iwájú jù pé kó dúró díẹ̀, kí àlàfo lè padà bọ̀ sípò. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà. Kí èyí tó dé, àwọn ènìyàn ló ń dúró ní ibùdó pẹ̀lú ìwé àti agogo, tí wọ́n ń kọ ìgbà tí ọkọ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n lè di pàṣán. Iléeṣẹ́ tí a bá ní kó ka ọkọ̀ tó pẹ́ nìkan lè fagi lé ìrìn-àjò ọkọ̀ náà pátápátá, nítorí ọkọ̀ tí kò rìn kò pẹ́. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Amagasaki, ní orílẹ̀-èdè Jàpáánì, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2005. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin kan, ọmọ ọdún 23, ti pẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ó gba ibi tí ojú irin ti tẹ̀ ní eré kìlómítà 116 ní wákàtí kan, níbi tí kò yẹ kó kọjá 70. Ọkọ̀ náà kúrò lójú irin, ó kọlu ilé, ènìyàn 107 sì kú, awakọ̀ náà pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ẹ̀kọ́ onítìjú jẹ awakọ̀ tó bá ṣàṣìṣe níyà, àwọn olùṣèwádìí ìjọba sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù ìyà yìí ti gba ọkàn rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò yẹ kí a fi aago wọn iṣẹ́ láìfi ààbò ẹ̀mí ṣáájú.

Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ọ̀pọ̀ wa ti rí ọ̀nà mìíràn gbà: a ń gun zémidjan. Ohun tí ọ̀kadà náà ń tà fún wa gan-an ni pé a kò ní dúró. Èéfín àti ewu ojú ọ̀nà ni a fi ń san ìyókù owó rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ bá a du èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ìṣẹ́jú tó fi ń dá ènìyàn dúró, kó sì ní agbára láti dín in kù. Ìdí nìyí tí Èkó fi ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ BRT láti Mile 12 dé CMS ní ọdún 2008, ìrìn kìlómítà 22. Àlàfo ọkọ̀ tó há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kò ṣeé tún ṣe.

A kò nílò sátẹ́láìtì kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ti ń to ọkọ̀ tẹ̀lé ara wọn ní ibùdó. Kí wọ́n fi ìlà méjì kún ìwé wọn: aago tí èrò àkọ́kọ́ jókòó, àti aago tí ọkọ̀ gbéra. Lẹ́yìn oṣù kan, a ó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìdúró ti pọ̀ jù, a ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ máa lọ ní aago kan pàtó, yálà ó kún tàbí kò kún, àti bí a ó ṣe pín àdánù àga tó ṣófo. Bí ìjọba ìlú bá sì ń bá iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ṣe àdéhùn lọ́la, kí a béèrè pé kí ìṣẹ́jú ìdúró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú iye ọkọ̀.

Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ sílẹ̀ ní àràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ iye ìṣẹ́jú tó ti fi dúró sí etí títì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.