Odi Tí Ó Yí Jẹjẹrẹ Ká

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ olórí wọn, tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Ogun ni ó lé wọn dé ibẹ̀; nítorí náà ni wọ́n ṣe mọ odi yí Abẹ́òkúta ká. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní ọdún 1851, tí ó sì tún padà wá ní ọdún 1864, ẹ̀yìn odi ni ó mọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni odi ń ṣe: bí ó ti ń dá ará òde dúró, bẹ́ẹ̀ ni ó ń há ará ilé mọ́. Irú odi bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ènìyàn pẹ̀lú.

Páńkíríásì ni ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Òun ni ó ń pèsè omi tí ń mú oúnjẹ dà, òun ni ó sì ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá so kókó síbẹ̀, aláìsàn kì í tètè fura. Ara a sì máa hun ẹran líle, tí ó kún fún fọ́nrán, yí jẹjẹrẹ náà ká, títí ẹran yìí yóò fi pọ̀ ju jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lọ. A máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn kì í fi í rí ọ̀nà wọlé dáradára.

Àwọn onímọ̀ rò pé bí odi náà bá wó, oògùn yóò ṣiṣẹ́. Eku tí wọ́n mú kí ó ní irú jẹjẹrẹ yìí ni wọ́n fi dán an wò. Ní ọdún 2009, Kenneth Olive, David Tuveson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn pé àwọn eku tí kò gba oògùn kankan gbé nǹkan bí ọjọ́ 11, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba oògùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú èyí tí ń wó odi gbé nǹkan bí ọjọ́ 25.

Inú àwọn ènìyàn dùn. Àmọ́ ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà, àwọn tí ó gbà á tètè kú ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ní ọdún 2012 ni wọ́n dá ìdánwò ọ̀hún dúró. Ní ọdún 2014, àwọn eku mìíràn fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn: bí odi bá ti dín kù, jẹjẹrẹ a túbọ̀ le, eku a sì tètè kú. Odi tí ń dí oògùn lọ́nà náà ni ó ń há ọ̀tá mọ́.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí kò fẹ́ wó odi náà lulẹ̀ mọ́. Bí wọn yóò ti ṣí ẹnubodè sí i ni wọ́n ń wá. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ògiri ń ṣe, kò yẹ kí ó yára wó o.