Ọsán Já, Ọrun Dọ̀pá: Ta Ló Máa Tún Kọ̀ǹpútà Wa Ṣe?

Ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí ní kíláàsì: "Ọsán já, ọrun dọ̀pá." Ọrun ni ohun tí ọdẹ fi ń ta ọfà, ọsán ni okùn awọ tí wọ́n so mọ́ ọn. Tí okùn yìí bá já, ọrun ti di igi lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ọdẹ á wá ju ọrun náà nù? Rárá o. Á wá ọsán mìíràn, á so ó mọ́ igi rẹ̀, á sì padà sínú igbó. Igi lọ́tọ̀, okùn lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọrun fi ṣeé tún ṣe.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ mú yín lọ sí àríwá Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń ronú nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìparí, màá dábàá ohun kan tí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá lè fi ọwọ́ ara wa ṣe.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo

Ní ìlú Turin, bọ́tìnnì kan kú lórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Bọ́tìnnì "o" ni. Ẹ gbìyànjú kí ẹ kọ lẹ́tà sí màmá yín lédè Yorùbá láìlo "o", ẹ ó rí i bó ṣe rí! Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní wọ́n ti kan kíbọ́ọ̀dù náà mọ́ ike òkè pátápátá, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ abẹ́ rẹ̀. Àfi kí n ra gbogbo apá òkè kọ̀ǹpútà náà. Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mìíràn. Ọsán já, wọ́n ní kí n lọ ra ọrun tuntun. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, àbí?

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ivrea

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Turin, tí ẹ kọrí sí àríwá, ẹ ó dé Ivrea ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ibẹ̀ ni Camillo Olivetti ti dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní 1908. Ní 1959, ilé iṣẹ́ Olivetti gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan jáde, Elea 9003. Mario Tchou ni olórí àwọn ẹnjiníà tó ṣe é. Ettore Sottsass ló ya bó ṣe máa rí.

Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn máa ń kún yàrá. Elea jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n tò sí yàrá kan. Sottsass gba òkè gbé wáyà wọn, kò rì wọ́n mọ́ abẹ́ ilẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù kan kún un, tàbí kí wọ́n tún ọ̀kan ṣe, wọn kò ní í tú ilẹ̀ yàrá. Ẹ rí i pé ẹni tó ya àwòrán ẹ̀rọ náà ti ro ti ẹni tó máa tún un ṣe mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Vicenza, Federico Faggin, ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Olivetti. Ó wá lọ kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Padua, ó gboyè ní 1965. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn tó ṣe Intel 4004, tó jáde ní 1971. Ohun tó ń gba kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ wá wọ inú IC kan, ìyẹn ègé dúdú kékeré tó lẹ́sẹ̀ bíi kòkòrò. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti fi òjé lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù kan, kí ẹni tó ra ẹ̀rọ má lè yọ ohunkóhun.

Arduino

Ní 2005, wọ́n tún gbé nǹkan jáde ní Ivrea. Massimo Banzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Interaction Design Institute ṣe bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gbé e lé iṣẹ́ tí Hernando Barragán, akẹ́kọ̀ọ́ láti Kòlóńbíà, ti ṣe ṣáájú. Wọ́n sọ ọ́ ní Arduino, orúkọ ilé ọtí tí wọ́n ti máa ń pàdé.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ kíyè sí. Èkíní, wọ́n fi àwòrán bọ́ọ̀dù náà síta fún gbogbo ayé. Èkejì, lórí Arduino Uno tó wọ́pọ̀, IC rẹ̀ jókòó sínú ihò ẹsẹ̀ ni, wọn kò lẹ̀ ẹ́. Tó bá jóná, ẹ fà á yọ, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, ihò etí bọ́ọ̀dù náà wà ní ipò kan náà nígbà gbogbo, kí ẹlòmíràn lè ṣe bọ́ọ̀dù tó máa jókòó lé e lórí. Ẹ̀yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ìsopọ̀ tí kì í yí padà, àwòrán tí a kò fi pamọ́: ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣeé tún ṣe nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Politecnico di Torino, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ WEEE Open, máa ń kó kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ti pa tì. Wọ́n á yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n á to èyí tó dára pọ̀, wọ́n á fi Linux sí i, wọ́n á sì fún àwọn tó nílò rẹ̀. Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa tún àwọn ẹ̀rọ kan ṣe fún oníbàárà. Fóònù wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, kọ̀ǹpútà alágbèéká kò sí nínú ìwé àwọn ẹ̀rọ tó kàn.

Kí ló kan àwa?

Ó kàn wá gan-an. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "tòkunbọ̀": ohun tó gba orí òkun bọ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network kọ ìròyìn nípa Èkó. Wọ́n ní nǹkan bíi kóńténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣeé lò, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé tún ṣe. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Computer Village, Ikeja, mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú kọ̀ǹpútà dìde. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ láti Yúróòpù, kí ni kí wọ́n tú? Orí ààtàn ni á bọ́ sí.

Àbá mi rèé. Kíbọ́ọ̀dù àwọn ará Ítálì ti ní à, è, ì, ò, ù. Ohùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ ná! Ní ti ohùn òkè, é nìkan ló ní. Ẹ, ọ, ṣ kò sí rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣe àpótí kékeré kan tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù: bọ́tìnnì márùn-ún péré, mẹ́ta fún ẹ, ọ, ṣ, méjì fún ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Arduino Leonardo, tó jáde ní 2012, lè ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù tí a bá kì í bọ USB. Nọ́ńbà bọ́tìnnì ló máa ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà; nítorí náà, a ó fi ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan á wà nínú ihò tirẹ̀, kò ní gọ́ọ̀mù, síkúrù la ó fi dé àpótí náà, a ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí.

Tí bọ́tìnnì "ọ" yín bá kú lọ́jọ́ kan, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i, kí ẹ sì parí lẹ́tà tí ẹ̀ ń kọ sí màmá. Ta ló fẹ́ bá mi ṣe é?