Ṣé o mọ̀? Laptop àti sọ́fítíwià fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tò

• Brain box ọkọ̀ ló ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì ń gbà àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni sọ́fítíwià ń yí padà.

• Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ojú ìsopọ̀ OBD-II, tí a lè fi so laptop mọ́ brain box, di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú dẹ́rẹ́bà, ló sábà máa ń wà.

• Sọ́fítíwià ni kí o kọ́kọ́ yàn, kí o tó ra laptop. TunerStudio, tí àwọn tó ń lo brain box MegaSquirt mọ̀ dáadáa, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ti HP Tuners, Windows nìkan ló wà fún.

• Kò pọn dandan kí laptop náà wọ́nwó. Bátìrì tó ń pẹ́, ojú USB tó dára àti síkíríìnì tó ṣeé rí nínú oòrùn ló ṣe pàtàkì jù.

• Bí iná bá kú lójijì nígbà tí o ń kọ nǹkan sínú brain box, ó lè bà á jẹ́. So ṣájà mọ́ bátìrì ọkọ̀ àti laptop.

• Gíráàmù epo bẹntiróòlù kan nílò afẹ́fẹ́ gíráàmù 14.7 kí ó tó lè jó tán. Bí epo bá kéré jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fi agbára ṣiṣẹ́, písítìnì lè yọ́.

Fi ẹ̀dà fáìlì àkọ́kọ́ tó wà nínú brain box pamọ́ kí o tó yí ohunkóhun padà.