Ojú Lọba Ara: Ẹ Mọ Ẹni Tó Ń Wọn Awò Ojú Yín

Ẹ̀yin ará Èjìgbò, Òkè-Àfà àti gbogbo agbègbè Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ 40 ọdún sábà máa ń na ìwé jìnnà kí ó tó lè kà á. Èyí kì í ṣe àrùn. Àgbà ló dé. Awò ìkàwé lè tán ìṣòro náà. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ fẹ́ ti rà á? Ṣé ní ibùdókọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ni, àbí ní ilé awò ojú?

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́

Ní ilé awò ojú, olùrànlọ́wọ́ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Yóò kọ orúkọ àti ọjọ́ orí yín sílẹ̀, yóò sì béèrè bóyá ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí yín ti fọ́jú rí. Ẹ má ṣe rò pé ó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ yín. Ìdáhùn yín yóò ran onímọ̀ àyẹ̀wò ojú lọ́wọ́. Ó lè ní kí ẹ bo ojú kan, kí ẹ sì ka lẹ́tà ara ògiri. Ẹ má ṣe yọjú láàárín ìka: ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, òun ni yóò fi mìlímítà wọn àlàfo tó wà láàárín ọmọ ojú yín méjèèjì, kí àárín gíláàsì lè bá ọmọ ojú mu. Bí ó bá yẹ̀, orí lè máa fọ́ yín. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ máa yá awò ẹlòmíràn lò. Òun náà ni yóò tún apá férémù ṣe kí ó má baà há yín létí tàbí kí ó máa yọ̀ lórí imú.

Ohun tó lè fara pamọ́

Awò ibùdókọ̀ lè jẹ́ kí ìwé hàn kedere nígbà tí àrùn glaucoma ń ba ojú jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àrùn yìí kì í sábà dunni. Ríran ní ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbà, èyí tó bá sì ti lọ kò ṣeé dá padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Bí a bá tètè rí i, oògùn ìkán-sójú tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo ìyókù.

Nítorí náà, bí olùrànlọ́wọ́ bá gbọ́ pé bàbá yín fọ́jú, tí ó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó yan férémù, ẹ má ṣe bínú. Oore ńlá ló ṣe yín.

Ẹ kíyè sí èyí

Kì í ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ láti sọ àrùn tó ń ṣe yín tàbí láti ta oògùn ojú fún yín. Láti ọdún 1989 ni òfin ti fi ìdí ìgbìmọ̀ múlẹ̀ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ojú àti àwọn tó ń ṣe awò sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí wọn.

Bí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, tí ó pọ́n tí ó sì ń dunni, tàbí tí ẹ rí funfun nínú ọmọ ojú ọmọdé, ẹ má ṣe lọ wá awò. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá; ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní LUTH, Ìdí-Àrabà.

Ẹ má ṣe fi ojú yín tàfàlà.