Kọ̀ǹpútà Tó Ń Pariwo: Ẹ Gbọ́ Ohùn Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Fáànù

Bí ẹnì kan bá gbé kọ̀ǹpútà tó ń pariwo wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Bọ̀dá, èló lẹ máa ta fáànù tuntun fún mi?" N kì í tíì dá iye kankan lé e. Màá pa rédíò, màá tan kọ̀ǹpútà náà, màá sì tẹ́tí sí i. Ọ̀pọ̀ fáànù tí wọ́n ní kí n yọ dànù ni nǹkan kan ò ṣe. Ooru tó ń lé ló pọ̀ jù. Bí a bá fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́jọ́ kejì, owó á sì ti lọ.

Pírósẹ́sọ̀ ló ń ṣe gbogbo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná. Irin kan tí wọ́n ń pè ní heatsink jókòó lé e lórí láti fa ooru náà, fáànù wá ń fẹ́ ẹ dànù. Thermal paste ni wọ́n fi ń dí àlàfo tó wà láàárín irin àti pírósẹ́sọ̀. Motherboard, pátákó tí pírósẹ́sọ̀ jókòó lé, ló ń wo bí ooru ṣe pọ̀ tó, òun náà ló sì ń pàṣẹ bí fáànù yóò ṣe sáré tó. Bí ooru ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel bá ti ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pírósẹ́sọ̀ náà á dẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ "fùùù" tó ń lọ gbọọrọ, ara fáànù le, ooru ló ń bá jà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí sílẹ̀. Bí ètò kan bá ń jẹ gbogbo agbára pírósẹ́sọ̀, ẹ pa á, kí ẹ wò ó bóyá ariwo á rọlẹ̀. Bí kò bá sí ètò tó ń ṣiṣẹ́ líle, tí fáànù ṣì ń sáré, ẹ wo eruku. Ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá bá wa láti apá àríwá, títí kan èyí tó ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ó sì ń kún inú heatsink títí afẹ́fẹ́ ò fi ní í ráyè kọjá. Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló máa ń rí i jù.

Ẹ yọ wáyà iná, ẹ gbé e síta, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti blower lé eruku náà. Ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ. Bí blower bá ń mú un sáré kọjá agbára rẹ̀, bíárìn rẹ̀ lè bàjẹ́. Bí eruku bá tán tí ooru ò lọ, ó ṣeé ṣe kí thermal paste ti gbẹ. Ẹ fi isopropyl alcohol nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ sí i. Fún AMD tó ní ẹsẹ̀ lábẹ́, ẹ kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà kó gbóná díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá rọra yí heatsink sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Bí ẹ bá fà á sókè lójijì, ó lè fa pírósẹ́sọ̀ yọ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wọ́.

Bí ó bá jẹ́ "tàkà-tàkà" lẹ ń gbọ́, wáyà kan lè máa kan abẹ fáànù, tàbí kí abẹ kan ti sán. Ẹ so wáyà náà sẹ́yìn. Fáànù tí kò dì dáadáa náà lè máa dún bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ojúbọ̀ pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní LGA 775 ní 2004 ni Intel ti ń fi ìṣó oníke mẹ́rin di fáànù mọ́ motherboard. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sínú búùtù ọkọ̀ Máíkírà lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ lè débi tó ń lọ kí ìṣó kan ti yọ. Ẹ tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.

"Gìrììì" tó máa ń le ní òwúrọ̀, tó ń rọlẹ̀ bí ara kọ̀ǹpútà bá ti móoru, sábà máa ń jẹ́ ti bíárìn tí òróró inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ fi ìka yí fáànù. Bó bá ń há tàbí tó ń mì, ibẹ̀ ni. Ẹ̀kán òróró máṣíìnì ìránṣọ kan lè ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ má lo òróró ẹ̀pà, á dì mọ́ ọn lára. Ìgbà yìí gan-an ló tọ́ kí ẹ ra fáànù tuntun. Ẹ wọn ti àtijọ́, bóyá 80, 92 tàbí 120 mílímítà ni, kí ẹ sì ka wáyà rẹ̀. Oníwáyà mẹ́rin ń gba àṣẹ ìyára láti ọ̀dọ̀ motherboard. Bí ẹ bá ki oníwáyà mẹ́ta bọ ibẹ̀, lórí àwọn motherboard kan, eré àsápajúdé ni yóò máa sá tọ̀sán-tòru.

Ẹ má ṣe yọ wáyà fáànù nítorí kí ilé lè dákẹ́. Bí ariwo kò bá sì ti ibi fáànù pírósẹ́sọ̀ wá, ẹ wo power supply, ṣùgbọ́n ẹ má tú u fúnra yín, torí iná lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Bí ó bá jẹ́ hard disk ló ń dún "kọ́kọ́kọ́", ó lè kú nígbàkigbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi í dọ̀la: kó da gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí fláàṣì lójú ẹsẹ̀, kó tó gbé kọ̀ǹpútà náà wá bá mi.