Ẹ ka "Vu" tó wà lókè ìwé: bí décret àti arrêté ṣe ń jáde, àti bí adájọ́ ṣe lè fagi lé wọn

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà gbé ìwé àṣẹ kan jáde: wọn kò gbọdọ̀ já epo sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bọ́dà. Kì í ṣe àwọn aṣòfin ló dìbò fún un, iléeṣẹ́ ìjọba kan ló kọ ọ́. Àwa tí à ń ná ọjà níhà Igolo, tí Idi-Iroko kò jìnnà sí wa, mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ẹni tó ń ta kpayo àti fún ẹni tó ń gun zémidjan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ ìjọba, òfin ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba ní ipò, bí oyè ṣe ní ipò. Èyí tó kéré kò gbọdọ̀ tàpá sí èyí tó jù ú lọ.

Ipò ìwé kọ̀ọ̀kan

Ní Benin, Constitution ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 ló wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni loi, èyí tí àwọn député ń dìbò fún ní Àjàṣẹ́. Article 98 ka àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti loi. Owó orí wà nínú wọn: orí kí ni wọ́n máa gbà á, èló ni, báwo ni wọ́n ṣe máa gbà á. Article 100 ní ohun tí kò bá sí lábẹ́ loi, règlement ló ni ín, ìyẹn ìlànà tí ìjọba fúnra rẹ̀ lè kọ.

Décret ni àgbà nínú règlement. Wọ́n á jíròrò lé e lórí ní Conseil des ministres, Ààrẹ á fọwọ́ sí i, àwọn mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn náà á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú Journal officiel. Arrêté wà lábẹ́ décret: mínísítà lè ṣe é, préfet lè ṣe é, méérì náà lè ṣe é. Bí komínù bá ṣe ìpinnu, préfet tó wà ní Pobè lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá òfin mu. Àwọn iléeṣẹ́ bí ARCEP, tó ń bójú tó tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, náà ń ṣe ìpinnu, nítorí pé loi fún wọn lágbára.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Décret jẹ́ ìránṣẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán an, ó ti kọjá àyè rẹ̀.

Francs márùn-ún ọdún 2018

Ṣé ẹ rántí? Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 2018, décret 2018-341 ní kí a máa san francs 5 lórí mégaoctet kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn. Ẹ bá mi ṣírò ọ̀hún: mégaoctet 1 000 á di 5 000 francs, owó orí nìkan! Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ariwo ti ta. Àwọn ọ̀dọ́ kọ "TaxePasMesMo" káàkiri. Ní ọjọ́ 22 oṣù yẹn, ìjọba fagi lé e.

Kì í ṣe adájọ́ ló fagi lé e, ariwo aráàlú ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: nígbà tí article 98 ti fi owó orí sọ́wọ́ loi, loi wo ni décret yẹn dúró lé? Adájọ́ ni irú ìbéèrè yìí tọ́ sí. Ohun tí ariwo bá gbé lọ lè padà wá lọ́dún mìíràn. Ohun tí adájọ́ bá dá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á tẹ̀lé e.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Ilẹ̀kùn kìíní ni adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣàkóso, ìyẹn chambre administrative ti tribunal, títí dé Cour suprême. Ẹjọ́ náà ń jẹ́ recours pour excès de pouvoir. Adájọ́ kò ní béèrè bóyá ìlànà náà dùn mọ́ wa. Nǹkan mẹ́rin ló máa wò. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ní agbára láti kọ ọ́? Ṣé ó tẹ̀lé ètò? Ṣé ó bá òfin mu? Ṣé torí ire ìlú ló fi ṣe é, àbí torí ìkùnsínú? Bí ọ̀kan bá kù díẹ̀ káàtó, ó lè fagi lé ìwé náà, á sì dà bíi pé wọn kò kọ ọ́ rí.

Àmọ́ àkókò ń lọ o. Bí ìpinnu bá kan ẹnì kan, bíi kí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó ní láti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ìpinnu náà tàbí ọ̀gá rẹ̀ láàárín oṣù méjì. Bí oṣù méjì bá kọjá tí wọn kò fèsì, kíkọ̀ ni wọ́n kọ̀ yẹn, oṣù méjì míì ló sì kù láti dé ilé ẹjọ́. "Ẹ padà wá lọ́la" ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára kú. Ẹ sì mọ̀ pé pípe ẹjọ́ nìkan kì í dá ìpinnu náà dúró. Ẹ ní láti bẹ adájọ́ lọ́tọ̀ pé kó dá a dúró ná. Sursis à exécution ni wọ́n ń pè é.

Ilẹ̀kùn kejì ni Cour constitutionnelle. Article 3 fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ Benin ní ẹ̀tọ́ láti lọ síbẹ̀ nítorí loi, ìlànà tàbí ìpinnu tó bá tako Constitution. Kò di dandan kí ẹ ní agbẹjọ́rò. Lẹ́tà tó ní orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti ìbuwọ́lùwé ti tó, ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn député dìbò pé kí sáà wọn kúrò ní ọdún mẹ́rin, kó di márùn-ún. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, Cour constitutionnelle ní rárá. Bí ìwé tí àwọn député fúnra wọn dìbò fún bá lè ṣubú, ṣé arrêté ni kò ní ṣubú?

Ilẹ̀kùn kẹta wà ní Abuja: ilé ẹjọ́ CEDEAO. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kìíní 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2022, ilé ẹjọ́ náà ní kò sí òfin tí ìpinnu yẹn dúró lé, ó sì tẹ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn láti sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn apẹja Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1946, iléeṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ ṣe ìlànà sábà máa ń ní láti kọ́kọ́ tẹ àbá rẹ̀ jáde, kó gbọ́ ohun tí aráàlú máa sọ, kó tó fi í lélẹ̀. Bákan náà, láti ọdún 1984, bí òfin kò bá ṣe kedere, àwọn adájọ́ ibẹ̀ máa ń gba ìtumọ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba bá fún un, bí ìtumọ̀ náà bá ṣáà ti bọ́gbọ́n mu. Àwọn apẹja kan wá pe ìjọba lẹ́jọ́ torí wọ́n ní kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní iṣẹ́ adájọ́ ni láti sọ ohun tí òfin wí, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ìjọba. Apẹja ni wọ́n o, kì í ṣe olóṣèlú.

Bí ìwé bá dé ọjà yín

Ẹ má ṣe ya á, ẹ má sì sáré sanwó. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà, ọjọ́ tó jáde àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè: "Vu la Constitution", "Vu la loi"... Ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ti ń sọ ibi tó ti rí agbára. Bí owó ni wọ́n ń béèrè, tí ẹ kò rí loi kankan tó sọ̀rọ̀ owó yẹn, ẹ fi ọmọ yín tó lọ sílé ìwé jókòó, kó bá yín kọ lẹ́tà. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ yín sílẹ̀, torí láti ọjọ́ yẹn ni oṣù méjì ti bẹ̀rẹ̀.