Ìtìpọ̀ Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ àti Ẹ̀rọ Ìdágìrì: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Wáyà

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí òwe yìí ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún wáyà inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìtìpọ̀ ilẹ̀kùn ni a pe ètò tí a fi ń ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdágìrì àfikún ni èyí tí a so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí ó ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdágìrì lè gbà pàṣẹ fún ilẹ̀kùn. Èkíní, ó ń so wáyà àṣẹ mọ́ irin ara ọkọ̀, ibi tí iná ń gbà padà sí orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò. Èkejì, ó ń fi fóltì 12 ránṣẹ́ láti orí bátìrì tí ó ní àmì ìròpọ̀. Ẹ̀kẹta, ó ń pààrọ̀ iná lójú wáyà méjì tí ó wọ inú mọ́tò kékeré ilẹ̀kùn, kí mọ́tò náà lè yí síwájú tàbí sẹ́yìn. A dábàá orúkọ mẹ́ta: àṣẹ ara-ọkọ̀, àṣẹ bátìrì, àti àṣẹ onípààrọ̀.

“Ẹ́ẹ̀tì” ni àwọn riwáyà ń pe irin ara ọkọ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ilẹ̀” ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí wáyà yìí kò kan erùpẹ̀ rárá. Èyí tí ó bá sì pe gbogbo àṣẹ ní “iná” ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá fi fóltì 12 sí wáyà tí ń retí ara ọkọ̀, fíúsì lè jó, àpótí ìdarí ilẹ̀kùn sì lè bàjẹ́.

Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò tì, kí a kọ́kọ́ tú wáyà ìdágìrì, kí a sì lo bọ́tìnnì tàbí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá tì síbẹ̀, ọkọ̀ ni ó ní àrùn. Bí ó bá tì, ìdágìrì ni kí a yẹ̀ wò. Bí tiráfíkétọ̀ bá ń ṣẹ́jú nígbà tí a tẹ rìmóòtù, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn kò mira, rìmóòtù kò jẹ̀bi. Kí a wo rílè àti wáyà àṣẹ. Bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bá kọ̀, kí a wo wáyà tí ó gba inú rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, nítorí ṣíṣí àti pípadé a máa gé e.

Àkókò àṣẹ pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Nínú Mercedes-Benz W124, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni ó ń ti ilẹ̀kùn. Àṣẹ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tí ó tó fún mọ́tò iná kò tó fún un. Ó ń fẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dúró fún àṣẹ méjì. Ẹ dán àwọn orúkọ wọ̀nyí wò ní yàrá ẹ̀kọ́ àti ní ṣọ́ọ̀bù riwáyà. Èyí tí kò bá bá iṣẹ́ mu, kí a tún un ṣe.